Orúkọ Mẹ́rin Màmá Morónkẹ́

Ọjọ́bọ ni Morónkẹ́ wọ ọ́fíìsì ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìkẹ́nnẹ́, ó ká ìwé mọ́wọ́, ó fajú ro, síbẹ̀ ó rẹwà. Lásúnkànmí, tó ń fi kọ̀ǹpútà to orúkọ àwọn olóògbé tí wọn ó kà níbi ìsìn ìrántí lọ́jọ́ Àìkú, gbàgbé ohun tó ń tẹ̀.

"Ẹ̀yin lẹ ṣe ìwé orúkọ olóògbé tí mo já lára ògiri yìí? Orúkọ màmá mi dà? Bàbá mi ní bí wọn ò bá pe ìyàwó àwọn lọ́jọ́ Àìkú, àwọn ò ní tẹ ẹsẹ̀ sí ṣọ́ọ̀ṣì yìí mọ́."

Lásúnkànmí béèrè orúkọ màmá náà, ó sì ṣí fáìlì tí wọ́n ń tẹ orúkọ àwọn olóògbé ṣọ́ọ̀ṣì sí. Orúkọ náà jókòó síbẹ̀ gbagidi, àmọ́ kóòdù tó kọ láti fi ṣa orúkọ jáde nínú fáìlì ò rí i. Ó tún àpẹẹrẹ tó fi ń wá orúkọ ṣe, ó yọ àmì, ó fi àmì sí i. Pàbó ló já sí.

"Ẹ ní sùúrù, arẹwà."

"Èmi kọ́ ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

"Kí lẹ wá ń jẹ́? Ẹ̀yin náà ò sí nínú fáìlì."

Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́ lẹ́nu Morónkẹ́, ó gbé e mì.

Lọ́jọ́ Ẹtì, Morónkẹ́ gbé ìkókoré wá. "Lásúnkànmí, jẹun." Ó na ṣíbí sí ojú kọ̀ǹpútà. "Kí ló dé tí màmá mi gba ìlà méjì níbí?"

Ọwọ́ Lásúnkànmí dúró lójú abọ́. Ìlà kan lẹ́ẹ̀kan ni kóòdù rẹ̀ ń kà. Orúkọ wà lókè, ọjọ́ ikú wà nísàlẹ̀, àpẹẹrẹ rẹ̀ sì ń retí méjèèjì pa pọ̀ lórí ìlà kan ṣoṣo.

"Ta ló tẹ fáìlì yìí?"

"Bàbá mi ni. Àwọn ni akọ̀wé ṣọ́ọ̀ṣì nígbà náà. Orúkọ mẹ́rin ni màmá mi ń jẹ́, wọn ò fẹ́ gé ìkankan kúrò."

Lásúnkànmí ní kí kóòdù ka odindi fáìlì lẹ́ẹ̀kan, ó sì gba àpẹẹrẹ náà láàyè láti ré ìlà kọjá. Màmá jáde, olóògbé mọ́kànlá mìíràn tí orúkọ tiwọn náà gba ìlà méjì sì tẹ̀ lé wọn. Morónkẹ́ sunkún. Ó di ọwọ́ Lásúnkànmí mú, kò sì tètè fi í sílẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀yìn pátápátá ni bàbá Morónkẹ́ jókòó sí. Wọ́n ka orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pé. Bàbá dìde dúró, ó ṣí fìlà tí kò fẹ́ ṣí látìgbà tó ti wọlé. Lẹ́yìn ìsìn, ó rí bí Morónkẹ́ ṣe dúró ti Lásúnkànmí, ó sì bi ọmọkùnrin náà pé níbo ni ilé bàbá rẹ̀ wà.

Nígbà tí ọdún yípo, tí ó di pé kí wọ́n kéde ìgbéyàwó Morónkẹ́ àti Lásúnkànmí nínú ṣọ́ọ̀ṣì, bàbá ní òun fúnra òun ni yóò tẹ ìwé ìkéde náà. Ó kó gbogbo orúkọ àwọn méjèèjì sí i.

"Bàbá, ó ti gùn jù," ni Lásúnkànmí wí.

"Jẹ́ kó gùn," ni bàbá dá a lóhùn. "Ṣebí o ti mọ bí wọ́n ṣe ń kà á."