Ọ̀dà Tí Ara Ń Pò Fúnra Rẹ̀

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, akunlé kan jókòó sẹ́yìn ilé rẹ̀ lórí ike ọ̀dà tó ti ṣófo, ó ní kí ọmọ rẹ̀ obìnrin na ẹsẹ̀. Sáńpépà kékeré tó fi ń họ ògiri wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ náà, tí wọ́n ń pè ní Lọ́yà nílé torí pé kò sẹ́ni tó lè bá a jiyàn kó borí, fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn.

Àmì funfun kan ló yọ sí eékún ọmọ náà. Kò yún un, kò dùn ún. Irú rẹ̀ ti wà lẹ́yìn ọwọ́ bàbá rẹ̀ tipẹ́, ọgbọ́n iṣẹ́ ló sì fi ń tọ́jú tirẹ̀. Bí ọ̀dà ara ògiri bá ń ṣí, ẹ ó kọ́kọ́ họ ojú ibẹ̀ kí ẹ tó tún un kùn. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń họ ọwọ́ rẹ̀ kó tó fi ìpara sí i. Ohun tí kò ju èékánná lọ tẹ́lẹ̀ ti gba ẹ̀yìn ọwọ́ tán, ó sì gbà pé òun ò họ ọ́ dénú tó ni.

Ìyàwó rẹ̀ ń wò ó látẹnu ọ̀nà.

"Bàbá Lọ́yà, ọwọ́ tiyín tẹ́ ẹ ti ń họ látọjọ́ yìí, ṣé ó ti dúdú?"

Ọkùnrin náà gbé sáńpépà náà sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta forí lé ilé ìwòsàn. Lójú ọ̀nà, bàbá ń rò ó pé ẹ̀tẹ̀ ni, pé òun ló kó o ran ọmọ.

Obìnrin àgbà kan tó ń sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ ni dókítà awọ tó rí wọn. Ó ní kì í ṣe ẹ̀tẹ̀, fitílígò ni wọ́n ń pè é. Ó ti fèrèsé, ó pa iná yàrá, ó wá tan iná kékeré aláwọ̀ aró kan sí ọwọ́ bàbá. Funfun náà tàn yanran nínú òkùnkùn. Akunlé rí àwọn ilà gbọọrọ létí funfun náà: ibi tí sáńpépà gbà gan-an ni funfun gbà.

"Kí ló ń ṣí i kúrò, Dókítà?"

"Kò sóhun tó ń ṣí i. Àwọ̀ wa kì í ṣe ọ̀dà tí wọ́n kùn sí wa lára. Àwọn òṣìṣẹ́ tíńtìntín kan wà láàyè nínú awọ yín, àwọn ló ń po àwọ̀, tí wọ́n sì ń pín in káàkiri. Ara tún ní àwọn ọmọ ogun tó ń pa kòkòrò àrùn. Àwọn ọmọ ogun yẹn ló ṣi àwọn òṣìṣẹ́ yìí mú fún ọ̀tá, tí wọ́n ń pa wọ́n. Ibi tí wọ́n bá ti pa wọ́n, ibẹ̀ á funfun."

"Ta ló rán wọn níṣẹ́?" Lọ́yà bèèrè.

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní àwọn dókítà pàápàá ò tíì mọ̀ ọ́n tán. Àìsàn náà lè rìn nínú ìdílé, àmọ́ kì í ràn. Bí èèyàn bá sì ń họ ara tàbí tó ń ṣe é léṣe, ogun náà lè tẹ̀ lé ojú ọgbẹ́.

Akunlé wo ọwọ́ rẹ̀. Àtọmọdé ló ti ń po ọ̀dà, kò sì mọ̀ pé iṣẹ́ tó ga ju tòun lọ ń lọ lábẹ́ awọ òun láìdáwọ́ dúró. Ó yà á lẹ́nu, ó tún bà á lẹ́rù díẹ̀.

Dókítà fún wọn ní ìpara tó ń pẹ̀tù sí àwọn ọmọ ogun náà. Lẹ́yìn oṣù mélòó kan, àwọn tóótòòtó dúdú yọ láàárín funfun eékún Lọ́yà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìdí irun. Dókítà ní àwọn òṣìṣẹ́ apo-àwọ̀ tó sá pamọ́ sí gbòǹgbò irun ló ń jáde bọ̀. Bàbá kúnlẹ̀ ti ọmọ rẹ̀, ó ń wò ó, omijé bọ́ lójú rẹ̀. Ọwọ́ tirẹ̀ ṣì funfun síbẹ̀.

Ẹ̀yin ará, bí ẹ bá rí funfun lára yín tàbí lára ọmọ yín, ẹ tètè lọ rí dókítà. Ẹ má họ ọ́, ẹ má fi ìpara abóra tàbí omi tó ń jóni sí i. Ẹ dáàbò bò ó lọ́wọ́ oòrùn, torí ó máa ń tètè jó. Kì í ṣe ti gbogbo èèyàn ló ń padà dúdú, kò sì sọ ẹnikẹ́ni di aláìmọ́. Bí ẹni tó ní in bá na ọwọ́ sí yín, ẹ bọ̀ ọ́ lọ́wọ́.