Eku Wo Ló Ń Jẹ Fóòmù Àlejò?

Fóòmù tí wọ́n tẹ́ fún mi nílé káfíńtà kò burú rárá nígbà tí mo kọ́kọ́ dé. Àjọ kan tó ń ran àwọn ọmọbìnrin lọ́wọ́ láti kàwé ni mo wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, àjọ náà ló sì ní kí n wọ̀ sílé káfíńtà àti ìyàwó rẹ̀ tó jẹ́ aránṣọ. Ọmọ kan ṣoṣo ni wọ́n bí, ọmọbìnrin ọdún mẹ́tàlá. Bàbá rẹ̀ ń pè é ní Orí Pípé, torí pé ọmọ náà á ti ṣírò iye pákó tí iṣẹ́ kan máa gbà kí bàbá tó rí tépù rẹ̀ fà yọ lápò.

Èmi ni wọ́n ń pè ní Àǹtí Fọ́tò. Iṣẹ́ mi ni kí n máa ya fọ́tò àwọn ọmọbìnrin nílé ẹ̀kọ́, kí n sì máa kọ ọ̀rọ̀ ìyànjú fún àwọn òbí. "Ẹ rán ọmọbìnrin yín lọ sílé ẹ̀kọ́" ni mò ń kọ ṣáá. Mo rò pé mo mọ ohun tí mò ń sọ.

Kò pẹ́ tí mo fi ṣàkíyèsí pé apá ibi ẹsẹ̀ fóòmù mi ń rì. Bí mo bá na ẹsẹ̀, gìgísẹ̀ mi á kan pákó bẹ́ẹ̀dì. Mo gbé e sókè lọ́jọ́ kan, mo tú aṣọ tó bò ó, ihò ràgàjì ni mo bá nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo pe káfíńtà.

Ó wo ihò náà, ó fọwọ́ ra irùngbọ̀n, ó ní eku ni. Ó ní eku tó bá jẹ fóòmù tó tó báyìí, ilé ló fẹ́ kọ́. Ìyàwó rẹ̀ fi kún un pé òun náà ti ń gbọ́ tí nǹkan ń ha lọ́sàn-án. Káfíńtà fúnra rẹ̀ kan pàkúté, ó fi búrẹ́dì sí i, ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi. A rẹ́rìn-ín títí. Orí Pípé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó kó àwo tó wà nílẹ̀, ó wọlé lọ.

Eku kò kó sí pàkúté. Búrẹ́dì gbẹ síbẹ̀, ihò sì ń tóbi sí i.

Láàárín àkókò yẹn ni Orí Pípé bẹ̀rẹ̀ sí í pa ilé ẹ̀kọ́ jẹ. Lónìí, orí ń fọ́ ọ. Lọ́la, inú ń run ún. Bẹ́ẹ̀, ọmọ yìí ló gba ẹ̀bùn ìṣirò tí àjọ wa ṣe, èmi ni mo sì ya fọ́tò rẹ̀ níbi tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ti ń bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ìdánwò tí yóò gbé e wọ kíláàsì tó kàn ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Bàbá rẹ̀ ní bí ìwé bá ti sú ọmọ, kó má da owó òun nù, ẹ̀rọ ìránṣọ ìyá rẹ̀ wà nílẹ̀ tó ń dúró dè é. Kì í ṣe àwàdà ló ń ṣe.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo gbàgbé bátìrì kámẹ́rà, mo padà sílé wá mú un. Nígbà tí mo ti ilẹ̀kùn yàrá mi, Orí Pípé wà lórí ìkúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Àlùmọ́gàjí ìyá rẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀, fóòmù tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gé wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀.

"Ìwọ ni eku yẹn?" lọ̀rọ̀ tó jáde lẹ́nu mi.

Ó bú sẹ́kún. Ó ní kí n jọ̀ọ́, kí n má pe ìyá òun. Mo bi í léèrè ohun tó ń fi fóòmù ṣe, mo rò pé ọmọláńgidi ni yóò sọ. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé mo ní láti tẹ́tí kí n tó gbọ́: bí òun bá ń ṣe nǹkan oṣù, òun lòun ń fi sára.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Fóòmù tí oríṣiríṣi àlejò ti sùn lé kí n tó dé, tí eruku ti wọ̀ dénú, òun lọmọ ń gé sára, nínú ilé aránṣọ, níbi tí aṣọ kún gbogbo igun. Mo bi í pé ṣé kò lè tọrọ aṣọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀ ni. Ó ní òun mú àjákù kan rí, ti oníbàárà ló sì jẹ́. Ìyá òun wá a títí, ó wá búra pé ẹni tó bá tún fọwọ́ kan aṣọ òun yóò rí ìjà òun. Fóòmù àlejò ni kò sẹ́ni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ tán níbẹ̀. Kò tán.

"Àǹtí, ara ń yún mi," ló wí. "Omi kan ń dà lára mi, ó ń rùn, ìsàlẹ̀ ikùn sì ń dùn mí. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń gé e sí i. Nǹkan oṣù ò wá lóṣù tó kọjá. Mo ti lóyún."

Mo bi í pé ta ni. Ó ní ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ni.

Ọkùnrin tí mò ń kí láràárọ̀. Ojú mi ṣú, mi ò mọ ìgbà tí mo di èjìká ọmọ náà mú. "Kí ló ṣe fún ẹ?"

"Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, lọ́jọ́ tí mo gba ẹ̀bùn. Ẹ̀yin náà lẹ ní kó di ọwọ́ mi mú dáadáa kí fọ́tò lè jáde."

Mo bi í bóyá ó tún ṣe nǹkan mìíràn. Mo tún bi í pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, lọ́nà mìíràn. Kò sí. Ọwọ́ ni, lójú gbogbo èèyàn. Lọ́jọ́ tí Orí Pípé kọ́kọ́ rí nǹkan oṣù, ìyá rẹ̀ sọ fún un pé bí ọkùnrin bá ti fọwọ́ kàn án báyìí, oyún dé nìyẹn. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Látìgbà náà ló ti ń dá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ẹ̀yìn kí ọkùnrin kankan má bàa fara kàn án. Ọmọ tó mọ ìṣirò ju gbogbo kíláàsì lọ ń ka oṣù oyún tí kò sí.

Mi ò mọ̀ bóyá kí n rẹ́rìn-ín ni àbí kí n sunkún. Mo mú un lọ́wọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù ìyá rẹ̀, mo ní kó jẹ́ kí èmi kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

Bí mo ti ń sọ̀rọ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ dákẹ́. Aránṣọ wo ọmọ rẹ̀, ó wo òkìtì àjákù aṣọ tó wà nídìí ògiri, ó gbé ọwọ́ lérí.

"Ohun tí ìyá mi sọ fún mi ni mo sọ fún un," ló wí. "Mo rò pé ó ti tó."

Ó ti ṣọ́ọ̀bù, a gba ilé ìwòsàn lọ. A ránṣẹ́ pe káfíńtà, ó bá wa níbẹ̀, lẹ́búlẹ́bú pákó ṣì wà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn tí Nọ́ọ̀sì àgbà yẹ ọmọ wò tán, ó pe gbogbo wa jókòó, bàbá náà pẹ̀lú.

Ó ní ọmọ kò lóyún. Bíbọ ara ẹni lọ́wọ́ kì í fa oyún, ìbálòpọ̀ ló ń fà á, nǹkan oṣù ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sì lè fo oṣù kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ láìjẹ́ pé nǹkan kan ṣe é. Àmọ́ kòkòrò àrùn ti wọ̀ ọ́ lára láti inú fóòmù yẹn. Ó ní oògùn tí òun fún un yóò wò ó bó bá lò ó pé. Bí a bá fi í sílẹ̀ pẹ́, àrùn náà lè wọ ilé ọmọ, kó sì di ìṣòro fún un láti bímọ lọ́la.

"Pàkúté yẹn ṣì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì," ni káfíńtà wí. "Ọmọ mi ni mo dẹ pàkúté fún."

Nọ́ọ̀sì kò bá ẹnikẹ́ni wí. Ó kọ́ aránṣọ bí wọ́n ṣe ń ṣẹ́ aṣọ òwú mímọ́ po fún ọmọ tí kò bá rí páàdì. Ó wá yíjú sí bàbá, ó bi í pé níbo lọmọ ti ń pààrọ̀ rẹ̀ nílé ẹ̀kọ́. Bàbá kò mọ̀. Orí Pípé ló dáhùn pé tọ́ílẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọbìnrin kò nílẹ̀kùn.

Káfíńtà yìí kan náà ló kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́, tó kun ún títí tó fi ń dán, tí wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níwájú gbogbo òbí.

"Kò sẹ́ni tó sọ fún mi," ló wí.

"Ta ni ìbá sọ fún yín," ni Nọ́ọ̀sì fèsì, "nígbà tí a ò lè sọ ọ́ nínú ilé?"

Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, káfíńtà gbé ilẹ̀kùn dé ilé ẹ̀kọ́, ó sì fi ìdábùú sí i tí ọmọ lè fi tì í láti inú. Nígbà tí ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ gbọ́ ohun tí ọwọ́ tí òun bọ̀ fà, ẹnu yà á. Ó ní kí olùkọ́ obìnrin kan kó àwọn ọmọ jọ, tọkùnrin tobìnrin, kí Nọ́ọ̀sì wá bá wọn sọ̀rọ̀. Orí Pípé ṣe ìdánwò rẹ̀. Bẹ́ǹṣì iwájú ló jókòó sí.

Ẹ̀yin òbí, ẹ má dúró dìgbà tí ọmọ bá rí nǹkan oṣù kí ẹ tó là á yé e. Ẹ sọ ohun tó ń fa oyún gan-an fún un, torí ọmọ tó ń bẹ̀rù ọwọ́ lásán kò ní mọ ohun tó burú lóòótọ́ bí ẹnì kan bá fẹ́ ṣe é fún un, kò sì ní lè wá sọ ọ́. Páàdì tàbí aṣọ òwú mímọ́ ni kó lò, kì í ṣe fóòmù, ewé tàbí ìwé. Kó má jẹ́ kó ju wákàtí mẹ́fà lọ lára kó tó pààrọ̀ rẹ̀. Kó fi ọṣẹ àti omi mímọ́ fọ aṣọ náà, kó sì sá a sínú oòrùn kó gbẹ dáadáa, kó má fi í pa mọ́ ní tútù sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Bí ara bá ń yún un, bí nǹkan bá ń rùn, bí ìsàlẹ̀ ikùn bá ń dùn ún, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ. Ẹ̀yin bàbá, ẹ lọ wo tọ́ílẹ́ẹ̀tì ilé ẹ̀kọ́ ọmọ yín fúnra yín, kí ẹ wò ó bóyá ó ní ilẹ̀kùn, bóyá omi wà níbẹ̀.

Bí ẹ bá sì rí i pé nǹkan kan ń jẹ fóòmù nílé yín, ẹ kọ́kọ́ bá ọmọ yín sọ̀rọ̀ kí ẹ tó dẹ pàkúté fún eku.