Àtẹ́lẹwọ́ Norina

Orí àpótí ọṣẹ ni Ermete jókòó lé lọ́jọ́ tí Norina kọ́kọ́ rí i. Ó ń wa ọkọ̀ tí kò lára wọ àgbàlá bàbá Norina ní Modena: irin gbọọrọ, ẹ́ńjìnnì, táyà mẹ́rin, ó tán. Akọni tó fi kẹ̀kẹ́ gba ife-ẹ̀yẹ káàkiri Ítálì kí orúnkún rẹ̀ tó yẹ̀ nìyí o! Norina rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

“Ọ̀gá, ìhòòhò ni ọkọ̀ yín ń rìn?”

“Aṣọ rẹ̀ ni mo wá rán lọ́dọ̀ yín.”

Otello, bàbá Norina, ló ń fi òòlù lu páànù di ara ọkọ̀. Norina a dijú, a fi àtẹ́lẹwọ́ yẹ iṣẹ́ náà wò, torí ọwọ́ a máa rí ohun tí ojú fò dá. Ermete ń ta ẹ̀rọ ìránṣọ, ó sì ń fi èrè rẹ̀ ṣe ọkọ̀ eré ìje. Oṣù mẹ́jọ ló fi ń wá, ìfẹ́ sì wọ àwọn méjèèjì lára ṣinṣin.

Ṣùgbọ́n Otello kọ̀ jálẹ̀ pé wọn ò ní fẹ́ra. Inú eré ìje ni ọkọ ọmọ rẹ̀ àgbà kú sí. Nígbà tí Norina sunkún títí, ó ní òun á wo irú èèyàn tí Ermete jẹ́ lọ́jọ́ ìdíje Bologna.

Ọjọ́ náà pé. Àwọn olówó Milano tó fẹ́ ra ọkọ̀ mẹ́wàá ti jókòó. Sauro, awakọ̀ Ermete, ti dé akoto. Norina dijú, ó fọwọ́ wá ara ọkọ̀ náà káàkiri, ọwọ́ rẹ̀ sì dúró lára irin tó di táyà iwájú mú. Ó ti sán, bíńtín bí irun orí. Sauro ní ọ̀dà ló bó.

Ermete wo ojú olólùfẹ́ rẹ̀. “Ṣé ó dá ẹ lójú?”

“Ó dá mi lójú.”

Kò jiyàn. Ó ní kí Sauro sọ̀ kalẹ̀, ó ń tiro bó ṣe ń ti ọkọ̀ náà padà níwájú gbogbo ayé. Àwọn èèyàn ń súfèé yẹ̀yẹ́ lé e lórí, àwọn ará Milano sì dìde lọ. Norina fi èjìká ti ọkọ̀ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Kò tíì fi èèyàn yangàn tó bẹ́ẹ̀ rí láyé rẹ̀.

Ibi tí wọ́n ti ń tì í ni Otello ti pàdé wọn. Ó ṣí fìlà.

“Ká ní ẹni tó ṣe ọkọ̀ tó pa ọkọ ẹ̀gbọ́n Norina lè gba ìtìjú báyìí,” ó ní, “ọmọ mi àgbà ì bá má di opó.”

Ó bá bọ́ sẹ́yìn ọkọ̀, ó fi àyà tì í. “Yí i sápá ọ̀tún, àna mi.”

Ermete dúró gbagidi. “Ta ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀?”

“Ìwọ ni,” Norina dá a lóhùn, omijé ń dà lójú rẹ̀, “ìwọ ni, olówó orí mi.”