Ológbò Tó Sùn Sórí Aṣọ Ìyàwó

Mo ń dí ihò ara táńkì omi Bàbá Maka lọ́jọ́ tí èmi àti Melenaite, ọmọ rẹ̀, kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ológbò rẹ̀ aláwọ̀ eérú nà gbalaja sínú òjìji níwájú mi. Mo rí i pé orí ọmú rẹ̀ ti pọ́n.

"Ológbò rẹ ti lóyún," ni mo wí.

"Ṣé ìwọ lo fún un lóyún ni?"

Ẹ̀rín pa mí, irin ọwọ́ mi jábọ́. "Oyún náà ti tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ó ku bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kó bímọ."

Ojú rẹ̀ yí padà. "Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà ló kù kí n lọ sílé ọkọ."

Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ní Lifuka, erékùṣù wa. Iṣẹ́ ni ọkọ àfẹ́sọ́nà rẹ̀ ń ṣe ní Ọ́kílándì, lókè òkun. Ẹbí méjèèjì ti fẹnu kò. Obìnrin mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló ń lu èèpo igi, tí wọ́n ń lẹ̀ ẹ́ pọ̀ di aṣọ ńlá tí wọ́n máa tẹ́ lọ́jọ́ ìgbéyàwó. Ìyá mi jẹ́ ọ̀kan nínú wọn.

Ó yẹ kí n dí táńkì tán kí n máa lọ. Ṣùgbọ́n mo padà wá lọ́sẹ̀ kejì, mo ní ológbò ni mo wá wò. Mo wá lọ́sẹ̀ kẹta pẹ̀lú. Ara àwọn ológbò tó ń bímọ sábẹ́ abà àgbọn wa ni mo ti kọ́ gbogbo ohun tí mo mọ̀, mo sì ń fi kọ́ Melenaite.

"Bí ikùn bá ti sọ̀kalẹ̀, ó ku ọjọ́ díẹ̀. Bí wàrà bá ti yọ lórí ọmú, kò ní pẹ́ mọ́. Bó bá wá kọ oúnjẹ, tó ń lá ìdí ara rẹ̀, tó ń ha ibi tó fẹ́ sùn bí ẹni ń tẹ́ ibùsùn, má jìnnà sílé lọ́jọ́ náà."

"Ọmọbìnrin tí kò fẹ́ lọ ńkọ́? Kí ni wọ́n fi ń mọ òun?"

"Òun náà kì í jẹun."

"Mi ò tíì jẹun láti àná, Semisi."

Ìfẹ́ rẹ̀ ti wọ̀ mí lára kí n tó mọ̀. Mo sọ fún ìyá mi. Ó ń fi òróró pa èjìká rẹ̀ tí aṣọ lílù ti bà jẹ́.

"Ọmọ mi, wọ́n ti lẹ aṣọ náà pọ̀," ó ní. "Ta ló fẹ́ tú u?"

Nígbà tí ìgbéyàwó ku ọjọ́ méjì, mo gbé àpótí tí mo kàn fún ológbò náà wá lọ́sàn-án. Gbogbo ilé ti lọ kọ́ orin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Melenaite wà lójú fèrèsé. Èmi kò lè wọlé. Níbí, ọ̀dọ́mọkùnrin kì í wọlé tọ ọmọbìnrin tó dá wà.

"Ológbò dà?"

"Ó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi, lórí aṣọ ìgbéyàwó tí wọ́n dì síbẹ̀. Ó ti ń ha á láti àárọ̀."

"Báwo ló ṣe débẹ̀?"

"Èmi ni mo ṣílẹ̀kùn fún un. Mo tú ìdì aṣọ náà kó lè rọ̀ ọ́ lọ́rùn." Ó tẹjú mọ́ mi. "Ẹ̀jẹ̀ kì í ṣí lára rẹ̀. Wọ́n á ní láti lu òmíràn. Oṣù mẹ́ta, ọkàn mi. Bóyá bàbá mi á gbọ́ tiwa kó tó pé."

Mo fẹ́ ẹ bí ẹní fẹ́ omi. Mo ń gbọ́ bí ológbò ṣe ń mí hẹlẹhẹlẹ nínú yàrá.

"Ọwọ́ ìyá mi wà nínú aṣọ yẹn," ni mo wí. "Kò lè gbé apá rẹ̀ sókè mọ́."

"Mo mọ̀. Ìwọ ni kó o sọ. Ohun tó o bá wí ni màá ṣe."

Ẹ̀rọ ọkọ̀ ojú omi tó bá kọṣẹ́, mo lè tú u kí n tún un tò. Kò sí ohun tí mo lè tú níbí.

"Gbé e jáde," ni mo wí.

Ó fi yẹ̀rì rẹ̀ wé ológbò, ó nà án sí mi láti ojú fèrèsé. Ìka wa kanra. Mo tẹ́ ológbò náà sínú àpótí.

Kò dára kéèyàn máa gbé ológbò tó ń rọbí. Ìrọbí lè dúró. Ó dúró lóòótọ́. Mo jókòó sábẹ́ fèrèsé, mo gbé ọwọ́ lé etí àpótí. Melenaite jókòó sínú ilé, ògiri wà láàárín wa.

"Bó bá kú ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀."

"Ìwọ tó o mọ gbogbo nǹkan."

"Mi ò mọ̀, Naite."

Mo ń gbọ́ ẹkún rẹ̀. Mi ò lè nawọ́ nu omijé rẹ̀.

Ó lé ní wákàtí kan kí ikùn ológbò náà tó tún súnkì. Ọmọ àkọ́kọ́ bọ́, ìyá rẹ̀ lá a títí ó fi ké. Kí orin tó parí ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ti di mẹ́rin.

Lọ́jọ́ ìgbéyàwó, wọ́n tẹ́ aṣọ náà. Kò ní àbàwọ́n kankan. Melenaite rìn lórí rẹ̀, kò wo apá ibi tí mo wà. Àwọn àgbà dárúkọ ìyá mi níwájú ìjọ, wọ́n yìn ín; kò ṣẹlẹ̀ sí i rí láyé rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, Bàbá Maka fi itan ẹlẹ́dẹ̀ kan àti iṣu mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi nítorí àpótí ológbò. Ìyá mi se iṣu náà, a sì jẹ ẹ́ tán.