Òórùn Kọ̀yà Nínú Àbàtà

Ìtọ̀ ló gbé Kọ̀yà pàdé ìfẹ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Ó páàkì tánkà epo dísù ẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àbàtà kékeré kan lẹ́yìn Ajégúnlẹ̀, èyí tí ìjọba fi wáyà yí ká pé ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pẹran tàbí gégi níbẹ̀. Bó ṣe ń tú bẹ́líìtì báyìí, ohùn kan jáde láàárín igi ọ̀gọ̀rọ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ọ̀nì ń wò yín o."

Kọ̀yà fọwọ́ méjèèjì di ṣòkòtò mú, ó sáré. Mutmainah, ọmọbìnrin tó ń ṣọ́ àbàtà náà, rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, Kọ̀yà gbé súyà wá. Mutmainah fi akàn hàn án, ó fi ìtẹ́ lékeléke hàn án. Kò pẹ́ tó fi di "Múti mi". Òórùn dísù ara ṣẹ́ẹ̀tì Kọ̀yà, àwọn ẹlòmíì á dimú. Mutmainah á tún sún mọ́ ọn. Ìfẹ́ nìyẹn.

Ìyá Mutmainah ní, "Ẹni tó ń wa tánkà ní òpópónà Liverpool níbí, tó tún ń kírun, kí lo tún ń wá?" Wọ́n dá ọjọ́ yìgì.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, àbàtà pa lọ́lọ́. Ọ̀pọ̀lọ́ kan ò dún. Àwọn akàn ti gun igi, wọn ò sọ̀ mọ́. Ojú omi ń dán bí ọrùn ẹyẹlé. Mutmainah bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó gbóòórùn ẹ̀. Òórùn Kọ̀yà ni.

"Níbo lo ti ń fọ tánkà?" ló bi Kọ̀yà nígbà tó dé.

"Gọ́tà ẹ̀yìn gáréèjì. Omi á gbé e lọ."

"Ọ̀dọ̀ mi ló ń gbé e wá."

"Múti mi, èmi lo fẹ́ fẹ́ àbí ọ̀pọ̀lọ́?" Nígbà tó rí ojú ẹ̀, ó búra pé òun ò ní fọ ọ́ síbẹ̀ mọ́.

Nígbà tí Mutmainah sọ fún ìyá ẹ̀, ìyá ní, "Pa ẹnu ẹ dé. Torí ọ̀pọ̀lọ́ lo ṣe fẹ́ dójú tì mí?"

Ó panu dé.

Láàárọ̀ ọjọ́ yìgì, ó kọ́kọ́ yà wo àbàtà. Lékeléke kan dúró nínú ẹrẹ̀, àyà ẹ̀ dúdú fún epo, ó ń gbọn apá, kò lè fò. Ẹja ti léfòó káàkiri.

Nílé, ẹbí méjèèjì ti jókòó. Alfa bi í, "Mutmainah, ṣé o gba Kọ̀yà lọ́kọ?"

Ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n: bí ìyàwó bá dákẹ́, bẹ́ẹ̀ ni ni. Ìyá ẹ̀ tẹ̀ ẹ́ lẹ́sẹ̀. Alfa ti ń gbọ́wọ́ sókè fún àdúà.

"Alfa, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ bi í ní nǹkan kan." Ó kọjú sí Kọ̀yà. "Olólùfẹ́ mi, lánàá, níbo lo ti fọ tánkà?"

Kọ̀yà tí ẹnu ẹ̀ kì í dilẹ̀ ń wo ẹní. Ìyá Kọ̀yà húkọ́, bàbá ẹ̀ fìgbọ̀nwọ́ gún un.

Alfa rọra gbọ́wọ́ sílẹ̀. "Ìdákẹ́ tiẹ̀ náà," ó ní, "a ti gbọ́ ọ."

Mutmainah dìde. Ẹ má parọ́ mọ́ ọn o, ó ṣì nífẹ̀ẹ́ ẹ̀, débi pé ẹkún ò jẹ́ kó tètè rí ọ̀nà ìta.