Ohun tí Gbọ́njúbọ́lá Túmọ̀ fún Òyìnbó

Nígbà tí mo sọ̀ kalẹ̀ lórí ọ̀kadà ní ẹnu ọ̀nà Ìdí-Òro, abúlé wa, mo kọ́kọ́ rò pé wọ́n ti gbé mi ṣìnà. Òkìtì èèpo ẹ̀gẹ́ tó máa ń wà lẹ́bàá ọ̀nà ti kúrò níbẹ̀. Láfún tí wọ́n máa ń sá sórí àpáta, n kò rí ẹyọ kan. Ìyàwó baálẹ̀ wa, tí n kò rí bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ rí, wọ léèsì funfun, ó ń kọsẹ̀ kiri nínú bàtà gogoro.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ síbí, Màmá?" ni mo bi í.

"Tíṣà, àlejò òyìnbó wa ti dé. Àbí ẹ fẹ́ kí wọ́n wá bá wa nínú ìdọ̀tí ẹ̀gẹ́?"

Mo káwọ́ lérí. Ọdún 1992 nìyẹn. Ilé iṣẹ́ kan láti òkè òkun ló rán àwọn èèyàn yìí wá, wọ́n fẹ́ kọ́ ibi tí wọn yóò ti máa ṣe sítáàṣì. Ẹ̀gẹ́ sì ni wọ́n fi ń ṣe é! Ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń wá káàkiri ni àwọn èèyàn mi lọ kó pamọ́, bí ẹni tó fẹ́ ta ewúrẹ́ tó tì í mọ́ yàrá kí oníbàárà má baà gbóòórùn rẹ̀.

Ohun tó dùn mí jù ni pé èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ abúlé náà ní ìmọ̀ ètò ọrọ̀ ajé, a sì ti ka ẹ̀kọ́ yìí. Mo ti bi wọ́n ní kíláàsì pé kí ló dé tí àwọn bàbá ńlá wọn fi Ìbàdàn sílẹ̀ wá dá oko síbí. Gbọ́njúbọ́lá ló dìde.

"Wọ́n mọ iṣẹ́ oko, wọ́n sì ní irinṣẹ́, Àǹtí. Ilẹ̀ tó dára ni wọn ò ní, ibí ló sì wà. Wọn ò wá fẹ́ fi iṣẹ́ oko náà lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, kí onítọ̀hún má baà jẹ èrè mọ́ wọn lọ́wọ́."

Mo pàtẹ́wọ́ fún un. Mo ní bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ilé iṣẹ́ tó ń ti òkè òkun bọ̀. Ó mọ iṣẹ́ tí a kò mọ̀, àwa ní ohun tí kò ní, kò sì fọkàn tán alágbàtà. Òmíràn ń wá ohun tó wà nínú ilẹ̀ wa, òmíràn ń wá ẹni tí yóò ra ọjà rẹ̀, òmíràn ẹ̀wẹ̀, owó gọbọi tó fi ń kó ọjà rẹ̀ sọdá nínú ọkọ̀ ojú omi ló lé e wá. Olúkúlùkù ló mọ ohun tó ń wá, bí kò bá sì rí i, yóò kọjá lọ ni.

Ọmọ tó dáhùn dáadáa yìí ni mo ní kó ṣe ògbufọ̀ lọ́jọ́ náà, nítorí wọ́n pè mí sí ìpàdé ìdánwò ní Akanran, kò sì sí ẹni tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tó o.

Ìgbà tí mo máa fi dé iwájú ilé baálẹ̀, àwọn àlejò ti ń wọ mọ́tò. Dorothy, òyìnbó obìnrin tó jẹ́ ẹnjiníà wọn, bọ̀ mí lọ́wọ́. "Abúlé yín mọ́ tónítóní," ó ní. "Ó kàn ṣe wá láàánú pé ẹ kì í gbin ẹ̀gẹ́. Ìyá yẹn ní ewúrẹ́ nìkan ni ẹ ń gbin díẹ̀ fún."

Ìyá Gbọ́njúbọ́lá ló nàka sí, obìnrin tí oko ẹ̀gẹ́ rẹ̀ tóbi jù lọ ní gbogbo agbègbè wa. Ìyá náà ń rẹ́rìn-ín sí mi. Kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì.

Mo ní irọ́ ni, kí wọ́n jẹ́ kí n mú wọn lọ sí oko lẹ́yìn odò. Dorothy wo abúlé yíká, ó wo léèsì, ó mi orí. Lazarus, akọ̀wé wọn tó jẹ́ ọmọ Calabar, ní ilẹ̀ ń ṣú lọ, àwọn ṣì fẹ́ dé Aba-Ọdẹ, abúlé tó tẹ̀ lé tiwa. Wọ́n wakọ̀ lọ, eruku bò mí.

Mo fa ọmọ náà sí ẹ̀gbẹ́ kan. "Kí ni ìyá rẹ sọ?"

"Wọ́n ní ẹ̀gẹ́ ni gbogbo ilẹ̀ tó wà lẹ́yìn odò, kí wọ́n kàn sọ iye tí wọ́n ń fẹ́."

"Ìwọ wá túmọ̀ rẹ̀ sí ti ewúrẹ́?"

Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. "Wándé àtàwọn ẹgbẹ́ mi dúró lẹ́yìn mi, Àǹtí. Ọmọ ẹlẹ́gẹ̀ẹ́ ni wọ́n máa ń pè mí. Ojú tì mí. Mo tún sọ pé àwa ọ̀dọ́ ibí ti kàwé, iṣẹ́ ọ́fíìsì là ń wá."

Inú bí mi, mo jágbe mọ́ ọn. "Ọmọ tó bá ṣípá là ń gbé, ìwọ wá ká tìrẹ mọ́ àyà. Ṣé inú ìwé ìdánwò nìkan lo rò pé ẹ̀kọ́ mi wà ni?"

Aba-Ọdẹ ni wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ náà sí. Àwọn yẹn ò gbálẹ̀ de ẹnikẹ́ni, orí èèpo ẹ̀gẹ́ ni àwọn àlejò ń tẹ̀ kọjá. Àwọn ọ̀dọ́ wọn ríṣẹ́. Ní tiwa, ẹ̀gẹ́ Ìyá Gbọ́njúbọ́lá ń di igi nínú ilẹ̀, nítorí kò rẹ́ni rà á. Síbẹ̀ ó ń yin ọmọ rẹ̀ káàkiri pé Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ já geere, pé orí ni kò gbè wọ́n.

Ìyìn yẹn ni ọmọ náà kò lè gbé. Ó wá bẹ̀ mí pé kí n bá òun sọ òtítọ́ fún ìyá òun. Mo kọ̀. Mo ní ẹnu tó so ó ni yóò tú u, ṣùgbọ́n mo tẹ̀ lé e délé.

Ó kúnlẹ̀, ó sọ ọ́ tán. Ọ̀bẹ tí ìyá rẹ̀ fi ń bó ẹ̀gẹ́ dúró.

"Mo ti rò pé èmi ni n kò mọ ọ̀rọ̀ sọ," ìyá náà wí jẹ́jẹ́. "Gbọ́njúbọ́lá, mo yá ọ lẹ́nu mi, o sì fi bú mi."

Ní ọjọ́ kejì, àwọn méjèèjì lọ bá Dorothy ní Aba-Ọdẹ. Ó ní a kì í ká ilé iṣẹ́ bí ẹní, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá lè gbé ẹ̀gẹ́ wọn dé lọ́jọ́ tí wọ́n bá wú u, kó tó bàjẹ́, òun yóò rà á. Láti ìgbà náà, owó ọkọ̀ ló ń jẹ èyí tó pọ̀ nínú èrè wa.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ gbọ́. Ẹni tó la òkun kọjá wá kò wá wo léèsì wa, ohun tó wà lọ́wọ́ wa ló wá wò. Bí ohun tí òbí yín fi ń bọ́ yín bá ń tì yín lójú, ẹ ó fẹnu ara yín lé oríire dé ilé aládùúgbò, ẹ ó sì máa fi orí ru ẹrù tẹ̀ lé e lọ.