Ìgúnpá Jagun

"Bí o bá sọ fún ìyá rẹ pé mo ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ síta, èmi pẹ̀lú rẹ la jọ máa rí i."

Tẹ́ẹ́rẹ́ ló ń halẹ̀ bẹ́ẹ̀ mọ́ àbúrò rẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́fà tí gbogbo ilé ń pè ní Jagun. Nígbà tí Tẹ́ẹ́rẹ́ kọ̀ láti ṣílẹ̀kùn, Jagun fẹ́ gba ojú fèrèsé wọlé. Ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀, ó sì fọwọ́ tilẹ̀ bó ṣe ń ṣubú. Ní báyìí, ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gbá apá òsì mọ́ àyà, omi ń dà lójú rẹ̀ láìpariwo.

Tẹ́ẹ́rẹ́ kò fẹ́ràn rẹ̀. Kò sì fẹ́ràn ìyá Jagun, aránṣọ tí bàbá wọn fẹ́ lẹ́yìn tí ìyá Tẹ́ẹ́rẹ́ kú. Ìdánwò àṣekágbá Tẹ́ẹ́rẹ́ nílé ìwé máa bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kejì, obìnrin náà sì tún já ọmọ lé e lọ́wọ́, ó bá tirẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù. Ìbínú yẹn ló fi ti ilẹ̀kùn.

Ó gbé Jagun wọlé, ó tẹ́ ẹ sórí ibùsùn, ó da aṣọ bò ó, ó padà sídìí ìwé. Ìwé kò wọ̀ ọ́ lórí. Ọmọ tí ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́ ti dákẹ́ jù. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ó lọ ṣí aṣọ náà. Ìgúnpá ti wú, ó sì wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìka ọwọ́ náà funfun, ó tutù bí omi kànga.

"Mi àwọn ìka rẹ, kí n rí i."

"Wọn ò gbọ́ tèmi mọ́," ni Jagun wí.

Ìgbà náà ni aránṣọ wọlé. "Ọmọ mi dà?"

Irọ́ ti wà lẹ́nu Tẹ́ẹ́rẹ́ pé Jagun ń sùn. Bó bá pa irọ́ náà, ilẹ̀ á mọ́, á sì lọ ṣe ìdánwò rẹ̀. Ó gbé irọ́ náà mì.

"Ó já bọ́ lójú fèrèsé láti ọ̀sán, Àǹtí. Èmi ni mo tilẹ̀kùn mọ́ ọn síta."

Obìnrin náà gbá a létí, ó sì já wọ yàrá. Ó rí apá náà. "Ó yẹ̀ ni. Gbé ìpara wá, kí n fà á padà."

"Ẹ má fà á."

"Ta lò ń bá wí? Ìwọ tó fẹ́ pa á?"

Tẹ́ẹ́rẹ́ dúró sáàárín wọn. "Ẹ lù mí tó bá wù yín. Ẹ ṣáà kọ́kọ́ fọwọ́ kan ìka rẹ̀ ná."

Obìnrin náà fọwọ́ kàn án, ojú rẹ̀ yí padà. Wọ́n fi ìrọ̀rí gbé apá náà bó ṣe wà, wọ́n fi gèlè dè é, wọ́n gba ilé ìwòsàn lọ. Lójú ọ̀nà, gbólóhùn kan péré ni obìnrin náà sọ sí Tẹ́ẹ́rẹ́: "Tí ọwọ́ yìí bá rọ, wá ilé mìíràn gbé."

Dókítà kò rọra bá wọn sọ̀rọ̀. "Láti ọ̀sán? Ẹ wá ń wò ó? Eegun òkè ìgúnpá ti ṣẹ́, ó tẹ iṣan tó ń gbẹ́jẹ̀ lọ sí ọwọ́ mọ́lẹ̀. Ká ní ẹ fà á ni, eegun náà lè gé iṣan yẹn."

Wọ́n gbé Jagun lọ fún iṣẹ́ abẹ. Tẹ́ẹ́rẹ́ kò kúrò lẹ́nu ọ̀nà, ìdánwò àkọ́kọ́ rẹ̀ sì bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ọwọ́ náà kò rọ, ṣùgbọ́n fún ọ̀pọ̀ oṣù, Jagun kò lè fi àtàǹpàkò rẹ̀ mú nǹkan dáadáa. Bàbá wọn kò bá Tẹ́ẹ́rẹ́ ṣeré fún ìgbà pípẹ́, aránṣọ kò sì dárí jì í.

Ọmọ tó bá ṣubú, tí ìgúnpá rẹ̀ wú tàbí tó wọ́, tí kò lè ká a tàbí nà án, ẹ má ṣe fà á, ẹ má ṣe fi ìpara ra ojú ibẹ̀. Ilé ìwòsàn ni kẹ́ ẹ gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí ìka bá tutù, tó funfun, tàbí tó kú tí kò mọ nǹkan lára mọ́, ẹ má jókòó rárá. Ìyà ni Tẹ́ẹ́rẹ́ ń bẹ̀rù tó fi dákẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn. Jagun ló jẹ ẹ́.